Ìtàkùn Awùjẹ Ìyá Òkè-Ìlá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, ìtàkùn kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlá Ọ̀ràngún tí gbogbo ilé ń jẹ èso rẹ̀, tí gbogbo ilé sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Awùjẹ ni. Àwọn mìíràn ń pè é ní pòpòǹdó, ẹ̀wà pẹlẹbẹ tí ó máa ń gun igi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lásìkò yẹn á ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ bi ìyá yín àgbà léèrè.

Ìyá tó bí bàbá mi ló gbìn ín. Òkè-Ìlá ni wọ́n ti fẹ́ wọn wá, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ wọn nínú agbo ilé. Ìyá Òkè-Ìlá ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi pé ọjọ́ tí àwọn ń bọ̀ nílé ọkọ, ìyá àwọn di hóró awùjẹ díẹ̀ sí etí aṣọ àwọn, ó ní kí àwọn gbìn ín síbi tí àwọn á ti máa rí i bí àwọn bá ń dáná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n sì ṣe. Bí èèyàn bá jókòó ti ààrò Ìyá Òkè-Ìlá, tí ó gbójú sókè, ìtàkùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ní agbo ilé wa, ohun ọ̀gbìn tí ìyàwó bá mú wá láti ilé bàbá rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ọkọ kì í fi àdá kàn án. Ọmọ tí ó bí sínú ilé náà kì í fi àdá kàn án. Bí ó bá di pé kí wọ́n gé e, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kàn án, kí ẹlòmíràn tó dá sí i. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa, bí a ṣe bá a nìyẹn. Àmọ́ èmi náà ti ṣe ìyàwó ilé ọjọ́ ti pẹ́, mo sì rò pé ó ti yé mi díẹ̀. Obìnrin tó wọ ilé onílé, ó yẹ kí ohun kan wà níbẹ̀ tí kò ní gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lé e lórí.

Kí n má purọ́, awùjẹ náà dùn. Kì í ṣe oúnjẹ oníwàdùwàdù. Láti àárọ̀ ni Ìyá Òkè-Ìlá á ti gbé e kaná, wọ́n á da omi àkọ́kọ́ nù, wọ́n á tún bu òmíràn sí i, títí yóò fi rọ̀ tí èèpo rẹ̀ á máa ṣí fúnra rẹ̀. Wọ́n á wá da epo sí i, ata gbígbẹ, irú díẹ̀. Òórùn rẹ̀ á jáde dé ojú ọ̀nà. Nígbà mìíràn wọ́n á sè é pọ̀ mọ́ àgbàdo tuntun, a ó máa jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà, a ó máa fi ìgúnpá ti ara wa. A kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ ní tútù o. Inú á run ọmọ tó bá dán an wò, lẹ́yìn inú rírun á tún kúnlẹ̀ ká apá sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi, gbogbo ẹni tó bá wá bu omi mu á sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló ṣe.

Hóró rẹ̀ lẹ́wà. Òmíràn funfun, òmíràn ní àmì pupa lára bí ẹyin ẹyẹ. Àwa ọmọdé máa ń gbẹ́ ihò sílẹ̀ lábẹ́ ọsàn, a ó fi hóró rẹ̀ ta ayò. Bí a bá sì ń ṣe bojúbojú, inú ìtàkùn yẹn là ń sá sí, nítorí ó ṣú dùdù bí ilé.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Awùjẹ kì í ṣe bí ẹ̀wà oko tó ń kú lọ́dọọdún. Ó ń lọ ni. Ó gun ọgbà, ó gun ògiri balùwẹ̀, ó bo balùwẹ̀ náà lórí bí òrùlé, ó kọjá sí orí igi ọsàn, ó wé e lọ́rùn. Ẹ̀ka tó ti kú wà lábẹ́, ẹ̀ka tuntun ń gun èyí tó kú. Àwọn kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ kan wá bo ọ̀mùnú rẹ̀ bí yòrò ṣe ń bo adìẹ tó sàba. Bí o bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ á lẹ̀. Ibi tí kòkòrò yẹn bá wà, èèrà á tò síbẹ̀. Eku ń bí sínú rẹ̀. Ọsàn wa, tí àwọn ará ilé kejì máa ń wá tọrọ tẹ́lẹ̀, wá ń so èyí tó tóbi bí orógbó, tó sì kan bí ọtí kíkan.

Bàbá mi a máa bá ìyá wọn sọ ọ́. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn wọn.

“Ìyá, ẹ jẹ́ ká gé ìtàkùn yìí.”

“Kí ló fi ṣe ọ́, Àjàní?”

“Èmi kọ́ ló ń ṣe. Ọsàn ló ń pa.”

“Nígbà tó ò ń jẹ awùjẹ lánàá, o ò rántí ọsàn. Ẹ jẹ́ kó gbó ná. Bí ọyẹ́ bá dé tí èso rẹ̀ gbẹ, màá ṣa irúgbìn, ẹ ó wá gé e.”

Ọyẹ́ á dé. Èso á gbẹ. Àwa náà á ká a, a ó sè é, a ó jẹ ẹ́ tán. Èyí tí ọwọ́ kò tó lórí ọsàn lọ́hùn-ún nìkan ni yóò ṣẹ́kù fún kòkòrò. Ìyá Òkè-Ìlá á ní kò burú, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó ti ń fi irúgbìn sórí àjà láti ìgbà ọmọge ni wọ́n o, àgbàdo wọn wà níbẹ̀, ilá wọn wà níbẹ̀, tí èéfín ààrò ń bá wọn ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n awùjẹ kò sí níbẹ̀. Ohun tí kì í kú, ta ló ń tọ́jú irúgbìn rẹ̀?

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìyá mi wà nínú oyún. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ti bàjẹ́ lára wọn, gbogbo ilé sì ń rìn jẹ́jẹ́ nítorí tuntun yìí. A kì í jẹ́ kí wọ́n ru omi. Ìyá Òkè-Ìlá fúnra wọn ló ń gún iyán, wọ́n ní kí ìyàwó àwọn jókòó.

Àárín òjò ni. Ọjọ́ kan ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi wọ balùwẹ̀ lọ. Kò pẹ́ la gbọ́ igbe. Wọ́n sáré jáde, ọṣẹ lójú, aṣọ láyà, kànrìnkàn lọ́wọ́. Ejò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìtàkùn ló já bọ́ láti òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá omi wọn. Kò bù wọ́n jẹ. Àmọ́ wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, orí orúnkún ni wọ́n ṣubú lé. Ìyá Òkè-Ìlá ló gbé wọn dìde. Wọ́n gbé wọn jókòó, wọ́n fọwọ́ sí wọn níkùn, wọ́n ń retí kí ọmọ inú ìyá mi mira. Gbogbo wa dúró. Adìẹ ń wọlé sùn, kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

“Ó mira,” ni wọ́n wí nígbà tó yá. Bàbá mi, tí wọ́n ti fara ti ògiri, wá rọra lọ jókòó.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ìyá, ẹ má torí tèmi gé e o. Èso rẹ̀ kò tíì gbó. Mo lè máa wẹ̀ níwájú ilé.”

“Níwájú ilé? Kí àwọn tó ń lọ sọ́jà máa kí ọ pé o kú ìwẹ̀?”

Ẹ̀rín pa wá. Ìyá Òkè-Ìlá fúnra wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ìtàkùn yẹn lọ sókè, wọ́n tún wò ó bọ̀ nílẹ̀. Àwa ọmọdé náà mọ ohun tí wọ́n ń wò. Èso tútù ló wà lára rẹ̀. Bí a bá gé e lọ́la, kò sí irúgbìn. Bí a bá ní ká dúró dìgbà ọyẹ́, ọmọ á ti dé kó tó gbó, bí ìyá rẹ̀ kò bá tún ṣubú.

“Awùjẹ ò lè bímọ fún mi,” ni Ìyá Òkè-Ìlá wí. “Àjàní, pọ́n àdá rẹ. Ọ̀la la ó gé e.”

Lówùúrọ̀, Ìyá Òkè-Ìlá mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ilá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sídìí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ti ki bí ọrùn ọwọ́ ọkùnrin. Mo wà lẹ́yìn wọn, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, “Ìyá mi, ẹ má bínú. Ilé ló ń kún.” Wọ́n fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ, oje jáde. Wọ́n dìde, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin máa bọ̀.

Àṣẹ tí wọ́n pa ni pé kí a gé e nídìí, kí a da eérú ààrò sí ọ̀nà èèrà, kí a wá fi sílẹ̀ kí ewé rẹ̀ rọ, kí a tó máa fà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi gbọ́. Àbúrò wọn, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, kò gbọ́. Alágbára ni Bàbá Kékeré, wọn kò sì ní sùúrù. Wọ́n ní, “Ìtàkùn lásán! Ẹ fún mi lókùn.” Wọ́n so okùn mọ́ ọn lókè, wọ́n tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fà á.

Ó wá o. Gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, bí òrùlé tó jìn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé wèrèpè ti hù sínú rẹ̀, ó ti gbẹ, irun rẹ̀ sì ń dúró de ẹni tí yóò mì í. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ wèrèpè, mi ò níláti ṣàlàyé. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Bàbá Kékeré ju okùn nù. Wọ́n họ ọrùn, wọ́n họ ẹ̀yìn, wọ́n fara gbo igi ọsàn bí ewúrẹ́, wọ́n fò sókè, wọ́n fò sílẹ̀.

Láti orí àpótí tí a ní kí wọ́n má dìde lórí rẹ̀, ìyá mi ní, “Ọkọ mi kékeré, ijó kí lẹ̀ ń jó yìí? A ò mà gbọ́ ìlù!”

“Ìyàwó wa, ẹ̀gàn lẹ̀ ń ṣe! Ẹ fún mi lómi!”

“Omi kẹ̀?” ni Ìyá Òkè-Ìlá kígbe. “Ẹ má fomi kàn án! Ṣé o fẹ́ kó tàn dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni? Ẹ gbé epo wá. Àbẹ̀kẹ́, bu eérú!”

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́. Mo bu eérú. Wọ́n pò ó mọ́ epo, wọ́n fi kun Bàbá Kékeré láti orí dé ìbàdí, ó ku ojú nìkan. Ìyá Òkè-Ìlá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀pá ìgbálẹ̀ fá a kúrò, wọ́n ń sọ pé, “Ìtàkùn lásán, àbí? Ìtàkùn lásán ti kí ọ.” Ẹ̀rín wá pa àwọn náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì ń fi etí aṣọ nù ún, wọ́n ń nù ún lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti tán.

Nígbà tí wèrèpè ti dákẹ́, bàbá mi fi ọ̀pá gígùn yọ gbogbo èso tó ti gbẹ lókè, èyí tí ọwọ́ kò tó lọ́dún tó kọjá. Ó kún apẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní, gbogbo àwa ọmọdé jókòó yí i ká. Iṣẹ́ wa ni láti là á, kí a wá hóró tí kòkòrò kò tíì lu. Ó kọ́kọ́ dà bí eré. A ń bára wa díje. Èyí tí mo là, ìyẹ̀fun ló tú jáde. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi là, kòkòrò fò jáde láti inú rẹ̀. Hóró á dán lókè, bí o bá yí i padà, ihò. Nígbà tó yá, a kò díje mọ́, a kàn ń là á ni.

Àwọn díẹ̀ tí ojú wọn mọ́, Ìyá Òkè-Ìlá dà wọ́n sínú igbá omi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dán irúgbìn wò: èyí tó bá rì, ó yè, èyí tó bá léfòó, òfìfo ni. A kó orí jọ sórí igbá náà. Gbogbo rẹ̀ léfòó. Wọ́n fi ìka tẹ ọ̀kan wọlé, ó padà wá sókè. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún padà wá.

“Ẹ kó o sínú iná,” ni wọ́n wí.

Ẹnikẹ́ni kò lè rí i pé wọ́n banú jẹ́, àfi bí ó bá sún mọ́ wọn. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n mú mi lọ́wọ́, ó di ọ̀nà Òkè-Ìlá. Ẹsẹ̀ là ń fi rìn ín nígbà náà. Omi òjò wà lára koríko, òkè wà níwájú wa, Ìyá Òkè-Ìlá sì ń rìn bí ọmọge. Wọ́n ní ilé bàbá àwọn ni àwọn ti mú irúgbìn lọ, ibẹ̀ náà ni àwọn á ti tún un mú. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni.

Àbúrò wọn ọkùnrin ló kù nínú ilé náà, ó ti ń hewú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó sun àgbàdo fún wa, ó ní kí n gba èyí tó tóbi jù. Wọ́n bi ara wọn léèrè ilé, wọ́n bi ara wọn léèrè ara. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Òkè-Ìlá ní, “Awùjẹ ìyá wa ni mo bá wá. Fún mi ní irúgbìn.”

Àbúrò wọn rẹ́rìn-ín. “Awùjẹ? Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tí a ń fi páànù bo ilé yìí la ti hú u. Ó ti wọ gbogbo òrùlé. Èmi ní kò séwu, ṣebí ó wà lọ́dọ̀ yín.”

Ìyá Òkè-Ìlá gbójú sókè wo òrùlé páànù náà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu bàbá náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí lọ́dọ̀ yín mọ́ ni?”

“Èmi náà ní ó wà lọ́dọ̀ yín.”

Wọ́n wo ara wọn. Mo ti ń jẹ àgbàdo, mo dáwọ́ dúró. Àwọn arúgbó méjì, ọmọ ìyá kan náà, wọ́n jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Nígbà tí a ń bọ̀, a dúró létí odò kan kí n mu omi. Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, ohun tó o bá fẹ́ kó má sọnù, má ṣe gbójú lé e pé ẹlòmíràn ní in.” 

Ìyá mi bímọ kí òjò tó dá, obìnrin, ara rẹ̀ le koko. Ìyá Òkè-Ìlá ló ń wẹ̀ ẹ́ ní balùwẹ̀ tí oòrùn ti ń ráyè tàn sí, wọ́n ń jù ú sókè, wọ́n ń hán an, ọmọ ń ké, ìyá mi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra. Ọsàn yọ òdòdó lọ́dún kejì. Ìyá Òkè-Ìlá ra awùjẹ lọ́jà, wọ́n gbìn ín sídìí ọ̀pá kan tó jìnnà sí ilé, wọ́n sì ń rẹ́ ẹ lórí bó bá ti ń fẹ́ ga ju èèyàn lọ. Hóró tirẹ̀ kéré, ó funfun báláú, kò ní àmì kankan. Ó dùn. Mo tilẹ̀ rò pé ó tètè ń jinná ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n awùjẹ ọjà ni wọ́n ń pè é títí wọ́n fi kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ni wọ́n fi gbìn ín. Lọ́dọọdún, kí a tó gbé ìkòkò àkọ́kọ́ kaná, wọ́n á ti bu irúgbìn sórí àjà.

Ayé ìsinsìnyí yàtọ̀. Ní òjò tó kọjá yìí, ìtàkùn kan bo ògiri ọgbà mi, kòkòrò funfun bí òwú sì bò ó. Ọmọ mi ọkùnrin fi fóònù pè mí láti Ìbàdàn, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án, òun á rán ẹnì kan. Ọkùnrin náà gun ọ̀kadà dé, ó gbé agolo oògùn kọ́ ẹ̀yìn, ó bo imú, ó fín in. Ẹ̀kọ tí mo ṣí kò tíì tutù tó ti ṣe tán. Kò sẹ́ni tó fara họ, kò sẹ́ni tó ṣubú. Kí n sọ òótọ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ìyàwó ọmọ mi wẹ̀ lábẹ́ ejò nítorí pé mo fẹ́ràn àtijọ́.

Mo kàn bi í pé, “Ọmọ mi, kí lorúkọ ìtàkùn yìí?”

Ó ní, “Mà, igbó ni.”

Mo wò ó títí, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ni ọgbà. Lọ́jọ́ kẹta ó ti gbẹ, wọ́n gbá a dànù, ògiri mọ́ tónítóní, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a jókòó yí igbá omi awùjẹ yẹn ká, ọmọ tó kéré jù nínú wa, tí kò tíì lè wẹ ara rẹ̀, mọ ohun tí à ń pàdánù.